Eyín Tí Ọmọ Mi Ṣe

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ọmọbìnrin mi ti lọ. Ó gbàgbé agbòjò rẹ̀ sórí àga. Mo sáré tẹ̀lé e dé ìta pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti gbé e. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èyí sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò máa lọ láti òwúrọ̀ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún un láti fi wò ó. Bí ó bá yege, wọn á gbà á. Bí kò bá yege, kí ó máa bọ̀ nílé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó dá tèmi dúró kò pamọ́. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́fà. Òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń tẹ́ ẹ sílẹ̀. Èmi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, mo ń pàṣẹ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ tán, tí èmi náà sì fẹ̀yìn tì, ó tún kù fún un láti máa se oúnjẹ tèmi. Lálẹ́ àná mo sọ fún un pé láti òní lọ, èmi ni mo ni ilé ìdáná.

Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tí iyọ̀ wà?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n kí n tó rí i, nínú agolo tí wọ́n kọ "Tíì" sí lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ìrẹsì jóná. Mo ha á sínú àwo fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, kò sọ nǹkan kan. Ìbá bú mi ni, ìbá sàn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Aṣọ kò gbẹ. Ẹyin tún ti gbówó lórí. Nígbà tí mo wo ìyá tó ń tà á tìyanu-tìyanu, ó ní kí n má wo òun, kí n lọ wo adìẹ.

Ọmọ mi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi bí mo ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. (Mo ti mọ aṣọ lọ̀ báyìí. Ọrùn ẹ̀wù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.) Iléeṣẹ́ wọn kì í fa eyín. Àwọn dókítà eyín ló ń fà á. Tiwọn ni láti ṣe èyí tí ènìyàn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Dókítà á fi ohun rírọ̀ tẹ àmì erìgì ẹni náà, wọn á po ẹfun dà sínú àmì náà títí yóò fi gan bí òkúta. Ọmọ mi á wá fi ìda pupa mọ erìgì lé òkúta náà lórí, á máa to eyín sínú ìda lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá tò tán tó rẹwà, wọn á yọ́ ìda náà dànù, wọn á fi ike líle rọ́pò rẹ̀.

"Ohun tó le níbẹ̀, Bàbá, ni pé kò gbọdọ̀ gún jù. Eyín ènìyàn kì í tò gbọọrọ. Ọ̀kan á yà díẹ̀, èkejì á fara tì í. Bí mo bá tò ó kó gún régé, á dà bí òòyà."

Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi to ọmọ ní ìlà gbọọrọ, mo ń lọ aṣọ mi lọ ní tèmi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó sùn sórí àga pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́: obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Onígíláàsì, nítorí pé ó ní gíláàsì kan lójú, ó sì ní òmíràn lórí. Lónìí ó ní kí ọmọ mi tú eyín mẹ́fà tó ti tò kúrò, kó tún un tò. Kò sọ ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní kó wá a fúnra rẹ̀.

Onídìrí, ọ̀rẹ́ ọmọ mi láti kékeré, yà wò ó ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a lójú oorun. Ó dúró lé e lórí, ó mi orí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orí ọmọ yín. Ó ti di igbó. Bí ẹyẹ bá bà sí i, kò ní fò mọ́."

Mo ní iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn.

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Mo ṣì ń fọ ojú."

Ó fi aṣọ bò ó kó tó lọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bàbá Awakọ̀ tó ń gbé ilé kejì wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí eyín kan ṣoṣo mọ́ ní erìgì rẹ̀ ìsàlẹ̀. Ó ní gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ló gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ òun bí owó ibodè.

"Ìyàwó mi," ó wí fún ọmọ mi, "mo gbọ́ pé ẹnu lò ń wá."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá rẹ ni. Látìgbà tó ti di ìyá ilé, ọ̀rọ̀ ò dúró níkùn rẹ̀ mọ́."

Òótọ́ ni, ẹnu ló ń wá. Ìṣe iléeṣẹ́ náà ni pé ẹni tí wọ́n ń dán wò gbọ́dọ̀ ṣe odindi eyín fún alààyè ènìyàn kan kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọjọ́ Jíjẹ ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Ẹni tó wọ eyín yóò jókòó láàárín gbogbo òṣìṣẹ́, yóò jẹ èso ápù kan tán, yóò jẹ èèpo búrẹ́dì líle, yóò wá ka ojú ewé ìwé ìròyìn kan sókè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í bóyá ó ń dùn ún. Màmá Onígíláàsì ní ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lè purọ́, ẹnu tó ń jẹun kò lè purọ́. Bí ẹni náà bá fi lè fún ojú pọ̀ pẹ́rẹ́, ó parí.

Bàbá Awakọ̀ ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà lórí oúnjẹ mi. "Wọlé, ìyàwó mi. Ilé tìrẹ ni."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé eyín bàbá mi ṣì pé," ni ọmọ mi wí. "Bó bá jẹ́ ẹnu tiwọn ni, wọn ì bá fún mi ní márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."

Bàbá Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi tó ń mu fi fẹ́ pá a lórí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo ń fọ àwo nìkan ni ẹ̀rín náà kúrò lójú mi. Ìdánwò kan wà tí ọmọ yìí ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ó sáré gbé e wá fún mi. Mo bi í pé níbo ni méjì tó kù wà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó ti ń gbé eyín Bàbá Awakọ̀ bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, nínú abọ́, kó lè máa fi ọ̀bẹ kékeré fá ìda erìgì rẹ̀ kó jọ ẹran ara. Ó kù díẹ̀ kó parí. Láàárọ̀ òní ó gbé abọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń fọ àwo, ó fi aṣọ bò ó, ó lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ní ọgbọ́n tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́: omi híhó ló ń gé epo lára àwo. Mo ká aṣọ náà, mo rí abọ́, n ò wo inú rẹ̀, mo da omi híhó lé gbogbo wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún ń kọrin.

Nígbà tí mo padà wá, ìda pupa ti léfòó lójú omi. Eyín mẹ́rìnlá wà nísàlẹ̀ abọ́. Mo kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbẹ wọ́n, mo tò wọ́n sórí aṣọ ìnuwọ́ ní ìlà gbọọrọ. Mo jókòó tì wọ́n títí ó fi dé.

Ó dúró wò ó pẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti bá Bàbá Awakọ̀ fọ eyín." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ mi ló wà nínú abọ́ yẹn," ó ní.

Mo kó àwọn eyín náà padà sínú abọ́, mo gbé e fún un.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Awakọ̀ gbọ́, ó ní kò sí wàhálà, eyín àkọ́kọ́ ọmọ ènìyàn náà máa ń re.

Lónìí ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú mi láti ìgbà tí a kò tíì bí i. Ìyá rẹ̀ ríṣẹ́ rí, ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù, níbi tí wọ́n ti ń so ìlà ẹni sí ìlà ẹni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló ṣe é. Á dé, á bọ́ bàtà, á wọ ilé ìdáná tòun ti aṣọ iṣẹ́. Èmi á jókòó ti tábìlì, màá máa wo aago. Lọ́jọ́ kan mo wọ kóòtù, mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀, mo ní ìyàwó mi kò ní wá mọ́. A bọ ara wa lọ́wọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Ìdí oúnjẹ alẹ́ ni mo ti wá sọ fún ìyàwó mi tó ni iṣẹ́. Ó ní, "Ó dáa." Ó tún bu ọbẹ̀ kún tèmi.

Ọmọ mi ń to eyín bí mo ti ń sọ ọ́. Kò gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀, Bàbá. Màámi sọ fún mi."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní ẹ máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ yín dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ẹ máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé kíláàsì ni."

Ó ní kí n bá òun gbé iná súnmọ́ òun. Mo gbé e súnmọ́ ọn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Tòmátì wọ́n bí ojú. Mo rà á, mo sì se ọbẹ̀ kan tí ọmọ mi bù lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé mo rọ̀ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ó fẹ́ jókòó ti iṣẹ́ lónìí bákan náà. Mo gba àpò irinṣẹ́ rẹ̀, mo gbé e sórí àga, mo jókòó lé e.

"Bàbá, ẹ dìde. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀."

"Mo ti mọ̀. Lọ dirí."

"Iṣẹ́ ò tíì parí."

"Iṣẹ́ kì í parí. Èmi ni kó o bi. Lọ dirí kí ọ̀bẹ yìí tó débi tó ń lọ."

Ó lọ. Òun àti onídìrí wà lọ́hùn-ún títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Nígbà tó dé, orí rẹ̀ ń dán, ó ń rùn fún òróró, ó sì ní ìròyìn àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀ rí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kó sọ ìtàn tí kò ní eyín nínú.

Bí mo ti ń sá aṣọ lánàá, àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé kí mi: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ìyáálé ò tíì dé?" Mo ní, "Ó wà níbi iṣẹ́." Ojú wọn ni mo wò nígbà tí mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, bí oyè ló ṣe rí lẹ́nu mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún

Ó parí! Ó gbé e wálé nínú omi, nínú ike kékeré kan. Ìda ti lọ, ike ló kù, erìgì aláwọ̀ pupa rírẹ̀ tí iṣan tín-ín-rín wà lára rẹ̀, àti eyín mẹ́rìnlá tí kò funfun jù. Ọ̀kan níwájú fara ti ìkejì rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Èmi kò mọ bí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ṣe lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí tí mo kọ yìí, kí ni mo wí fún un? Mo ní, "Eyín ni lóòótọ́."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Bàbá Awakọ̀ wọ̀ ọ́ lójú wa. Ó gé eyín lé ara wọn kọ́kọ́kọ́. Ó wo dígí ní apá ọ̀tún, ó wò ó ní apá òsì. "Ó bá mi mu bí ìbọ̀sẹ̀!" ni ó wí. Ó jáde sí òpópónà, ó ń yin eyín sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí kan ajá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Bàbá Awakọ̀ kò wá jẹun. Ó ní òun ti yó. Ẹran tí mo fúnra mi sè, tó rọ̀ bí òwú! Mo bínú díẹ̀, mo jẹ tirẹ̀ mọ́ tèmi.

Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kò tún wá. Mo bu oúnjẹ rẹ̀, mo gbé e lọ. Fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo sì rí i kó tó rí mi: ó jókòó, ó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì, ó ń fi erìgì tẹ̀ ẹ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ bí ìkókó. Eyín ọmọ mi wà nínú kọ́ọ̀pù lórí fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Tíṣà," ó ní. Ó sáré gbé ọwọ́ bo kọ́ọ̀pù náà.

"Kí ló dé tí kò sí lẹ́nu yín?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní ó ń gé òun lábẹ́ ahọ́n ní apá òsì. Bí òun bá sọ̀rọ̀ lásán, kò burú. Bí òun bá jẹun, bí ẹni fi abẹ sẹ́nu ni. Láti ọjọ́ kẹta tó ti wọ̀ ọ́ ni. Òun ń fi í sẹ́nu kìkì bí ọmọ mi bá ń bọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Tíṣà, ojú ẹ̀yin náà ló ṣe é. Ẹ yọ́ tàkọ́kọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un ṣe. Mo ń wo bójú rẹ̀ ṣe jìn wọnú. Kí n wá sọ pé kó lọ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta? Ẹ má sọ fún un, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ náà, màá fara dà á. Mo ti wa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán rí. Ápù kan ṣoṣo ni."

Mo padà sílé pẹ̀lú oúnjẹ náà lọ́wọ́.

Ẹtì ni Ọjọ́ Jíjẹ. Bí mo bá dákẹ́, ọkùnrin yìí á gé ápù jẹ níwájú obìnrin onígíláàsì méjì, ojú rẹ̀ á fún pọ̀, iṣẹ́ ọmọ mi á lọ síbẹ̀. Bí mo bá sọ, èmi náà ni, èmi tí mo bi í nípa méjì tó kù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi lè mú kó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi fi gègé pupa wá àṣìṣe kiri.

Bàbá Awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló ṣe purọ́ fún un. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Màá sọ fún un lọ́la, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ná.

Ajé, ọjọ́ ogún

Mo jẹ́ kó jẹun tán. Mo jẹ́ kó na ẹsẹ̀. Mo wá ní:

"Mo ti wo eyín yẹn dáadáa. Kò sí ibì kan tí mo lè tọ́ka sí nínú bó o ṣe tò ó. Ibì kan ló kù, lábẹ́ ahọ́n ní apá òsì. Ó ń gé Bàbá Awakọ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ fún ọ."

N ò tíì to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kí èyí tó dára ṣáájú.

Ó ní, "Ẹ tún ti rí i." Ohùn rẹ̀ tútù. Ó dìde, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó jáde láìwọ bàtà. Mo tẹ̀lé e, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Awakọ̀.

"Ẹ ya ẹnu."

"Ìyàwó mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ là á kọ́kọ́—"

"Ẹ ya ẹnu, mo ní!"

Ó ya ẹnu. Egbò náà wà níbẹ̀, funfun báláú, ó gùn bí irúgbìn ìrẹsì. Ọmọ mi pa tọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Awakọ̀, ṣé ojú àánú lẹ fẹ́ fi lé mi kúrò níṣẹ́ ni?"

"Mi ò fẹ́ kó o sunkún."

"Ẹ jẹ́ n sunkún, kí ẹ sì jẹun!"

Ọkùnrin tó ti wakọ̀ la ìlú kọjá bí ẹni la oko wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nílé, inú ṣì ń bí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó di apá mi mú nítorí òkúta tó wà lọ́nà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú kò lè rí ibi tí ike ti kan egbò. Bó bá fá ju bó ti yẹ lọ, eyín náà á máa mì lẹ́nu. Ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó mú ọ̀dà ètè pupa rẹ̀, ó fi orí igi ìṣáná kan bà á díẹ̀, ó sì fi tọ́ orí egbò náà ní ẹnu Bàbá Awakọ̀. Ó gbé eyín náà wọ̀ ọ́, ó ní kó gé e pọ̀, ó yọ ọ́. Àmì pupa kékeré kan ti wà lára ike, níbi tí ìjà wà gan-an. Ó fi aṣọ tó mọ́ wé e, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́ láti lọ fá ibẹ̀ nìkan, kó sì dán an padà.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni. Mo sùn, mo jí, mo ti mọ̀ ọ́n."

Bàbá Awakọ̀ ń gbé ètè pupa kiri títí di ọ̀sán. Ó ní òun ò ní nù ún, ó yẹ òun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bàbá Awakọ̀ ń jẹ èèpo búrẹ́dì. Mo gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Oòrùn mú. Aṣọ gbẹ kí ó tó di ọ̀sán. Èmi kò lè lọ. Ará iléeṣẹ́ àti ẹni tó wọ eyín nìkan ló ń wọlé. Mo gbá ilẹ̀, mo tún un gbá. Mo se ìrẹsì, mo se ẹran. Mo jókòó, mo ń ronú ọ̀rọ̀ tí màá sọ, bóyá ó yege ni o, bóyá kò yege ni o. Mo to ọ̀rọ̀ náà sí orí mẹ́ta, bí mo ti máa ń tò ó fún ayẹyẹ ìparí ọdún nílé ẹ̀kọ́.

Ohùn Bàbá Awakọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní òpópónà.

"Tíṣà! Tíṣà o! Mo jẹ ápù náà dé kóró! Mo fẹ́ jẹ kóró náà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi!"

Ó wọlé, ó ń sọ ọ́, ó ń ṣe é. Bó ṣe jókòó láàárín wọn bí ọkọ ìyàwó. Bí gbogbo wọn ṣe ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ojú ewé tí wọ́n fún un kà ṣe jẹ́ ti eré bọ́ọ̀lù, tí ó kà á tán tó sì fi èrò tirẹ̀ kún un pé aṣọ́lé wọn kò lójú, títí Màmá Onígíláàsì fi ní ó tó. Màmá Onígíláàsì kò sọ pé ó dára. Kì í sọ ọ́. Ó gba eyín náà, ó fi gíláàsì tó wà lórí lé èyí tó wà lójú, ó yí i padà síwá sẹ́yìn, ó sì fi èékánná tọ́ apá òsì.

"Ibí yìí, o tún fá a. Ta ló sọ fún ọ pé ó ń dùn ún? Àwọn ènìyàn kì í sọ."

Ọmọ mi ní, "Bàbá mi ni, Mà."

"Ṣé iṣẹ́ yìí náà ni bàbá rẹ ń ṣe?"

"Rárá, Mà. Ilé ni wọ́n ń tọ́jú."

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Awakọ̀ wí pé ó wí. Mo ní kó tún un sọ fún mi, ó tún un sọ. Wọ́n ti fi orúkọ mi pe ilé ẹ̀kọ́ kan rí. Wọ́n ti dìde dúró fún mi nínú gbọ̀ngàn. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú bí ìyẹn.

Màmá Onígíláàsì wá yọ kọ́kọ́rọ́ kan lára ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ mi. "Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kó irinṣẹ́ rẹ síbẹ̀. Má ṣe pẹ́ ní ọjọ́ Ajé."

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn. Onídìrí ti dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ti pariwo títí. Ó fara ti ògiri ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà kan, ó wò mí. Mo dìde. Mo wá orí kìíní ọ̀rọ̀ mi, kò sí níbẹ̀. Èkejì kò sí. Ẹ̀kẹta kò sí.

Mo ní, "O káre, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ dára. Èmi ò ní lè ṣe é láé."

Bàbá Awakọ̀ sún sẹ́yìn, ó fi àyè sílẹ̀ fún wa.

Ó dúró síbẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, kò bọ́ bàtà kejì, ó gbé orí lé eékún rẹ̀. Ó wá ní ebi ń pa òun.

Mo lọ bu oúnjẹ rẹ̀ wá.